Síkẹ́ẹ̀tì Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì tí Múlíkà Fi Sáré

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ọmọ mi ra bàtà tuntun, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń tú u jáde nínú páálí. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi wé bàtà náà dún ṣàràṣàrà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbàgbé ẹ̀wà tí mo ń ṣà. Ó rò pé bàtà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, ó nà án sí mi. Mo ní kó máa gbé bàtà rẹ̀, bébà yẹn ni kó fún mi. Mo rún un díẹ̀ létí mi, mo tún tẹ́ ẹ sórí itan, mo fọwọ́ nà án. Ọmọ náà ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti ń dàrú. Kò mọ̀ pé mo ti padà dé Agbowó n'Ìbàdàn, nínú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Bọ́sẹ̀, níbi tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí Bọ́sẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà níwájú ilé tí a ń gbé, ó kọjú sí títì, a máa ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí à ń fi ẹsẹ̀ wà ló ní, àti tábìlì gígùn kan tí wọ́n fi pákó Bódìjà kàn, àti áyọ́ọ̀nù eléèédú tó máa ń ta ẹ̀ta iná bí a bá ń fẹ́ ẹ. Bí iná mànàmáná bá lọ, tí àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù nílé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè, Àǹtí ò tiẹ̀ ní gbọ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń wa ẹ̀rọ tirẹ̀.

Láyé ìgbà náà, n kò mọ aránṣọ kankan ládùúgbò wa tó ń fi bébà gé aṣọ. Téèpù á kọ́ lọ́rùn, wọn á wọn èèyàn léjìká, láyà, ní ìdí, wọn á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọn á fi ẹfun fa ìlà, àlùmọ́gàjí á sì wọlé. Ojú ni wọ́n fi ń gé e. Bí Àǹtí bá ti gbé àlùmọ́gàjí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kí i, ì báà jẹ́ ìyá mi tí wọ́n bí i lé. Ó ní aṣọ tí a bá ti gé, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè dá a padà sí odindi.

Páálí kan ló yí nǹkan padà. Obìnrin òyìnbó kan, tí ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni ní yunifásítì, máa ń gbé aṣọ wá kí Àǹtí bá a tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà sí ìlú wọn, ó gbé páálí náà wá fi dágbére. Bíṣíkíìtì ni mo ń retí. Àpò bébà ló kún inú rẹ̀, wọ́n ya àwòrán obìnrin síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gbogbo àwọn obìnrin náà gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n ń wo ọ̀ọ́kán. Ìyá mi ní ó jọ pé wọ́n gbé ọbẹ̀ kaná sílé, wọ́n wá ń rò ó bóyá ó ti ń jóná.

Àǹtí fa bébà yọ nínú ọ̀kan. Bébà náà fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí ìka rẹ̀ láti òdì kejì. Bó ti ń tú u ló ń gùn sí i, títí tó fi bo tábìlì pátá tó sì ń wọ́ sílẹ̀. Ìlà ló wà lára rẹ̀. Ìlà sún mọ́ ìlà, wọ́n jọ ń rìn bọ̀ láti èjìká, wọ́n jọ ń yà sí abíyá, wọ́n jọ ń sọ̀ lọ sí ìdí. Òmíràn tọ́ gbọnrangandan, òmíràn já kélekèle, òmíràn jẹ́ kìkì àmì tóótòòtó. Nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: mẹ́jọ, mẹ́wàá, méjìlá, ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ dé méjìdínlógún. Mo béèrè lọ́wọ́ Àǹtí pé èèyàn mélòó ló wà nínú bébà kan ṣoṣo. Ó ní wọ́n pọ̀, tínínrín dé orí sanra, kálukú wà lórí ìlà tirẹ̀, ẹni tí a bá fẹ́ la máa mú. Ọ̀rọ̀ yẹn kó sí mi lórí. Bí mo bá ti ti ilé-ìwé dé, màá lọ tẹ́ bébà kan sílẹ̀, màá fi ìka tọ ìlà kan láti ọrùn, n ó sì sọnù ní abíyá, níbi tí gbogbo wọn ti ń gba ara wọn kọjá.

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi àlùmọ́gàjí kan bébà náà. Bí a bá gé e tọ ìlà tínínrín, àwọn tó sanra ti kú nìyẹn. Àpò sìmẹ́ńtì ni Àǹtí máa ń ṣà níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, a ó gbọ̀n ọ́n títí imú wa á fi funfun. Ó máa ń tẹ́ bébà òyìnbó lé e lórí, á wá fi abẹ́rẹ́ máa gún un tọ ìlà tó bá fẹ́, tó, tó, tó, yíká. Bó bá ká bébà òkè kúrò, ihò abẹ́rẹ́ á ti to ara wọn sórí ti sìmẹ́ńtì, á fi pẹ́ńsùlù so wọ́n pọ̀, èyí ló sì máa gé.

Báyìí làwọn oníbàárà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣa àpò bébà bí ẹni ń ṣa tòmátì. Wọ́n ń wá aṣọ tí wọ́n lè wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, aṣọ tí wọ́n lè wọ̀ dáná, èyí tó lápò tí wọ́n lè ki kọ́kọ́rọ́ sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ bi Àǹtí ni bóyá aṣọ náà á ṣeé fi pọn ọmọ. Obìnrin tíṣà kan fẹ́ kí aṣọ òun rí gẹ́lẹ́ bíi ti àwòrán. Àǹtí ní òun lè rán bẹ́líìtì rẹ̀, àmọ́ ìbàdí tí bẹ́líìtì náà wà, iṣẹ́ Ọlọ́run nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi ni Múlíkà, kíláàsì kan náà la wà. Ará Ṣakí ni wọ́n, bàbá rẹ̀, Alájì, ń ta pákó ní Bódìjà. Múlíkà tínínrín, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, bó bá sì ń sáré, ó máa ń dà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ayọ̀. Ọkùnrin ò lè bá a láàárín wa. Nígbà tí eré ìje ilé-ìwé ń bọ̀, òun ni gbogbo àwa tá a wà ní Yẹ́lò Háùsì gbójú lé. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò péńpé tó mú itan ni gbogbo ọmọbìnrin máa ń wọ̀ sáré, Alájì sì ní ọmọ òun ò ní wọ̀ ọ́. Tíṣà wa lọ bẹ̀ ẹ́, ó bọ̀ lásán. Múlíkà ò sunkún. Ó kàn jókòó sábẹ́ igi lákòókò ìsinmi, ó ń wo àwa yòókù tá a ń gbára dì, ó sì sọ fún mi wẹ́lẹ́ pé, “Ẹsẹ̀ mi ń yún mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé. Àǹtí wé gèlè, ó ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ Alájì. A bá a láàárín pákó, lẹ́búlẹ́bú igi wà lára fìlà rẹ̀. Ó fún Àǹtí ní bẹ́ǹṣì jókòó, ó sì ṣàlàyé pé òun ò bá eré sísá jà o, itan ọmọ òun ni òun ò fẹ́ kí gbogbo Ìbàdàn jọ máa wò. Àǹtí ní òun á rán aṣọ tí kò ní ṣí itan. Alájì rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó máa dá ni láṣọ, tọrùn rẹ̀ là ń wò. Ó sì wo tọrùn Àǹtí lóòótọ́, láti kọ́là dé etí ìsàlẹ̀. Aṣọ náà gún régé.

“Tó bá ti bo orúnkún, tí kò lẹ̀ mọ́ ọn lára,” ló wí, “ẹ jẹ́ kí n rí i lẹ́yìn ìrun Alásárì ọjọ́ tó ṣáájú eré. Tí mo bá rí i tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ má bínú sí mi.”

A da páálí sílẹ̀. Àpò mẹ́ta péré ló ní aṣọ eré nínú. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù tó nípọn, Àǹtí ní oòrùn Ìbàdàn á se ọmọ náà jinná nínú rẹ̀. Èkejì kúrú ju ti ilé-ìwé lọ, a yára dà á padà. Ẹ̀kẹta ya mí lẹ́nu. Síkẹ́ẹ̀tì ni lójú, ó fẹ̀, ó gùn kọjá orúnkún, àmọ́ ẹsẹ̀ méjì ló ní. Bí obìnrin inú àwòrán bá dúró, síkẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀, ó ti di ṣòkòtò. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé Alájì ò fẹ́ rí obìnrin tó bá wọ ṣòkòtò. Àǹtí wò ó pẹ́, ó ní èyí la máa mú.

Ilé-ìwé ti pín aṣọ yẹ́lò tí a ó fi rán aṣọ eré fún wa, ìwọ̀nba ẹni kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní irú rẹ̀ ti tán ní Dùgbẹ̀. Àǹtí bi Múlíkà pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ó ní méjìlá ni, mà. Inú Àǹtí dùn, ó fi ìka kan nọ́ńbà méjìlá lórí bébà, ó ní àwọn òyìnbó ti bá òun wọn ọmọ yìí sílẹ̀. Ta ló lè dá a lẹ́bi? Gbogbo aṣọ ọmọdé tí à ń rà ní Dùgbẹ̀, ọjọ́ orí ọmọ ni nọ́ńbà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gún abẹ́rẹ́ tọ ìlà méjìlá, ó gé e, ó rán an, téèpù sì kọ́ sọ́rùn rẹ̀ láìṣiṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú eré ni Múlíkà wá wọ̀ ọ́ wò. Bó ti fi ọwọ́ sílẹ̀ báyìí, aṣọ já bọ́ sílẹ̀ yíká ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àfìgbà tí mo rí ojú rẹ̀. Àǹtí yí àpò bébà náà dà sẹ́yìn, ó ka ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì jókòó pẹ̀lẹ́. Àwọn àgbàlagbà obìnrin ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn ń bá wí, kò kan ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni.

“Ìyá ọlọ́mọ ni mo rán aṣọ fún,” ló wí.

Ọpẹ́ ni pé aṣọ tó tóbi ṣeé dín, èyí tó kéré lẹjọ́ rẹ̀ máa ń le. A tú u, èmi pẹ̀lú Múlíkà ń yọ okùn. Àǹtí wá fi téèpù wọn ọmọ bó ṣe yẹ kó ti ṣe látilẹ̀. Ìbàdí Múlíkà ò tó ìlà tó kéré jù lórí bébà, gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló bá ìlà méjìlá mu. Mo bi Àǹtí pé ìlà wo wá ni ti Múlíkà. Ó ní kò sí níbẹ̀. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìlà mẹ́jọ níbi ìbàdí, ó la àwọn ìlà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi bá méjìlá pàdé nísàlẹ̀. N kò rò ó tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè ti orí ìlà kan bọ́ sórí òmíràn. Wọ́n ti ń pe ìrun ní mọ́sálásí nígbà tó ń ki rọ́bà sí ìbàdí aṣọ náà.

Alájì fúnra rẹ̀ ló wá. Múlíkà so ẹsẹ̀ pọ̀, ó dúró ṣinṣin, aṣọ náà sì wálẹ̀ wẹ́rẹ́ bíi síkẹ́ẹ̀tì. Bàbá rẹ̀ yí i ká. Ó ní ó bo orúnkún, kò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àǹtí ní kí ó tún wò ó dáadáa. Alájì ní òun ti wò ó, ó dúpẹ́, ó lọ. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè wo ojú ara wa.

Lọ́jọ́ kejì, Alájì dúró lẹ́bàá okùn tí wọ́n fi yí pápá ká, agbádá funfun ló wọ̀. Wọ́n fun fèrè, Múlíkà ṣí, ìgbésẹ̀ kìíní báyìí ni síkẹ́ẹ̀tì pín sí méjì lójú gbogbo èèyàn. Mo yíjú sí Alájì. Ó la ẹnu. Mo rò pé yóò pariwo kí wọ́n dá a dúró. Ó ká agbádá sórí èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tọ okùn náà lọ, ó ń ya èèyàn sí ọ̀tún, ó ń ya wọ́n sí òsì, fìlà ti bọ́ lórí rẹ̀. “Múlíkà, má wẹ̀yìn!” ni mo ń gbọ́. Nítorí òun tí mo ń wò, n kò rí ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi débi tí eré parí sí. Àwọn ẹlòmíràn ló sọ fún mi pé òun ló ṣe ipò kìíní.

Nígbà tó yá, Alájì wá bá Àǹtí ní pápá níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ìyá aránṣọ, ṣòkòtò lẹ rán fún ọmọ mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni Àǹtí wí, ó ti kúnlẹ̀.

Ó fi etí agbádá nu ojú. “Ẹ bá mi rán ìkejì. Ẹyọ kan ò lè tó ẹni tó ń sáré báyìí.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí a jáde ilé-ìwé ni Alájì kó ìdílé rẹ̀ padà sí Ṣakí, n kò sì rí Múlíkà mọ́. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí. Àǹtí ti lọ sọ́run, ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ni wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Aṣọ eré kún ẹ̀bá títì ní Challenge báyìí, ó ń fà bíi rọ́bà, tínínrín àti sanra á jọ wọ ẹyọ kan, kò sẹ́ni tí yóò wọn ọ́. N kò bá ayé ìsinsìnyí jà, ó rọrùn, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè mí síbi eré ìje àwọn ọmọ wa, ojú mi kì í sí lára àwọn tó ń sáré. Ẹ̀bá okùn ni mo máa ń wò, bóyá mo tún lè rí ẹnì kan tó ká aṣọ léjìká, tó ń sáré tẹ̀lé ọmọ rẹ̀.