Nọ́ọ̀sì Tí Mo Ní Kò Láàánú

Mo rántí ìgbà tí mo gba yàrá kan ní Ìlobù fún oṣù mẹ́rin, tí n kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí yunifásítì ló gbé mi débẹ̀: mo fẹ́ mọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ń bá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sọ̀rọ̀. Láràárọ̀, mo máa ń jókòó sí igun ilé ìwòsàn kékeré kan, màá tọrọ àyè, màá sì tan fóònù mi kí ó máa gba ohùn sílẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, màá padà sí yàrá, màá máa tẹ́tí sí ohùn àwọn ẹlòmíràn, nítorí kò sí ẹni tó ń bá èmi alára sọ̀rọ̀.

Àyàfi nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà, obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ. Òun ló máa ń bi mí pé, "Ṣé o ti jẹun?" Bí mo bá purọ́ pé mo ti jẹun, á bu ìrẹsì fún mi nínú oúnjẹ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbẹ̀ kan wá láti Ìfọ́n. Ó ní òun ò lo oògùn mọ́ torí ara òun ti yá. Nọ́ọ̀sì pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn: "Ṣé ẹ fẹ́ kú ni? Àbí orí yín ò pé ni?" Ìyá náà dìde, ó tún gèlè rẹ̀ so, ó sì jáde. Kò padà wá mọ́. Nígbà tí mo gun ọ̀kadà lọ bá a nílé, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ ríru ò tíì pa mí. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Inú bí mi. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo ní nọ́ọ̀sì yìí kò láàánú rárá. Mo ti ṣèlérí fún un pé màá ka ohun tí mo bá kọ sí i létí kí n tó fi ránṣẹ́ sí yunifásítì, mo sì kà á, mo tilẹ̀ ń yin ara mi nínú pé onígboyà ni mí.

Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. "Gbogbo ohun tí o kọ ló ṣẹlẹ̀," ló wí. "Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà wà níbẹ̀. Ṣé o rí nọ́ọ̀sì mìíràn lọ́jọ́ yẹn? Ṣé o rí ìgbà kankan tí mo jókòó láti àárọ̀?"

Mo rí i pé òun nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, tí kò sì jókòó rárá. N kò kàn kọ ọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, ó ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i, ṣùgbọ́n kò bi mí mọ́ bóyá mo ti jẹun.

Mo lọ bẹ ìyá Ìfọ́n títí ó fi gbà láti máa gba oògùn rẹ̀ níbòmíràn. Lẹ́yìn náà mo tún ìwé náà kọ. N kò yọ èébú yẹn kúrò, torí ó dun ẹni tí wọ́n bú. Ṣùgbọ́n mo kọ nípa èrò tó kún ìta, mo sì kọ nípa ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì tó wú. Nígbà tí mo gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì náà lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Nọ́ńbà rẹ̀ tí wọ́n fún mi kò lọ.

Lónìí, èmi náà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń ka ìwé kejì yẹn, wọ́n sì ń yìn mí pé mo gba ti tọ̀túntòsì rò. Mo máa ń dúpẹ́. N kì í sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì náà kò gbọ́ ọ rí. Ti àkọ́kọ́ ló gbọ́, ìyẹn náà ló sì gbé lọ́kàn lọ.