Ìyàwó Mi Kì í Dá Ọkọ̀ Dúró

Kí àkùkọ tó kọ ni mo ti wà létí ọ̀nà, èmi Ràímì oníṣu tí gbogbo Tchaourou mọ̀. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n ta ló rin ọ̀nà Parakou tó mi? Sàlámátù ìyàwó mi ni mo ń mú lọ sí òpítà Parakou, ilé ìwòsàn ńlá. Ìgbà kẹrin rèé lọ́dún kan tí ìtọ̀ ń ta á bí ata; lọ́tẹ̀ yìí ibà ti wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn sì ń dùn ún.

Mo ní kó má mu omi. Nílé wa, obìnrin tó ń rìnrìn àjò kì í mu omi, kì í sì í dá ọkọ̀ dúró. Mo máa ń fi tèmi yangàn: "Ó lè dé Kọ̀tọ̀nú láìsọ̀kalẹ̀!"

Baṣé la wọ̀, ọkọ̀ tí wọ́n fi tapólì bò lẹ́yìn, ọ̀ọ́dúnrún faranki lórí ẹnì kan. Ayé ìjọba Rẹfolúsíọ̀n ni, kámáráàdì ni gbogbo wa ń pe ara wa. Kòtò pọ̀ lọ́nà. Ní kòtò kọ̀ọ̀kan, Sàlámátù ń di etí aṣọ rẹ̀ mú.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, ọmọ Baatonu tó gbọ́ Nàgó, èdè wa, dáadáa, bi Sàlámátù pé: "Tata, omi wo lẹ mu láàárọ̀?"

Sàlámátù wolẹ̀.

"Èmi ni mo ní kó má mu," mo dáhùn, mo gbáyà sókè.

"Tonton, ẹ kú iṣẹ́! Àpò ìtọ̀ lẹ ń tì pa yẹn. Ìtọ̀ tó bá pẹ́ níbẹ̀, kòkòrò á máa bí sí i. Ó ti ń gòkè lọ sí kíndìnrín. Bó bá bà á jẹ́ tán, ta lẹ ó máa fi yangàn?"

Mo dìde, mo lọ wá omi fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta la sùn níbẹ̀, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tí ibà lọ, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kó lò ó tán bí ara tilẹ̀ yá, kó máa mu omi, kó má sì pa ìtọ̀ mọ́ra mọ́.

Nígbà tí à ń bọ̀, a ò tíì dé Tchatchou tí Sàlámátù fi fọwọ́ kàn mí lápá. Mo mọ ohun tó fẹ́.

"Sọfẹ́à, dúró!"

"Ta ló fẹ́ sọ̀?"

"Èmi ni! Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

"Háà, kámáráàdì tonton! Rẹfolúsíọ̀n kì í dúró tọ̀ o!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dúró. Mo sọ̀, Sàlámátù tẹ̀ lé mi. Ni ìyá àgbà kan bá dìde. Ẹni tó pọn ọmọ tẹ̀ lé e. Obìnrin méje ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, àwọn méjèèje ló wọgbó. Láti Parakou, kò sí èyí tó lanu.

Èmi? Ìtọ̀ kankan ò sí lára mi. Mo kọjú sígi kan, mo dúró títí wọ́n fi dé.

Nígbà tá a délé, àwọn ọ̀rẹ́ mi bi mí bí ọ̀nà ti rí. Mo ní ọkọ̀ dúró lọ́nà, èmi ni mo sì dá a dúró. Ẹni tó bá rò pé òun lọ́kùnrin jù mí lọ, kóun náà lọ dá ọkọ̀ dúró fún ìyàwó rẹ̀.