Ọmọbìnrin Tí Ọkọ̀ Ìràwọ̀ Fi Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná, kí n tó dúpẹ́. Eré àtijọ́ kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ti àwọn èèyàn kan tó ń fi ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀, tí wọ́n ń ti ayé kan bọ́ sí òmíràn. Àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, ibẹ̀ la ti máa ń bá ara wa jiyàn nípa rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń sanwó fún wa. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan bèèrè pé èwo nínú àwọn ìtàn náà ni kò yẹ kéèyàn fi àkókò ṣòfò lé lórí. Kíá, wọ́n ti dáhùn: ti ọmọbìnrin tó dá wà. Wọ́n ní kò síjà níbẹ̀, kò sí ìbọn, kò sí ẹranko abàmì kankan, ẹkún lásán ni. Ẹ gbà mí o! Ìtàn yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò mọ nǹkan tó dáa, pé ṣé wọn ò rí bó ṣe parí sáyọ̀ ni.

Ẹnì kan dá mi lóhùn pé, "Ayọ̀ kẹ̀? Àǹtí, ṣé ọ̀kan náà la jọ wò?"

Mo ti fẹ́ bú u. Ìgbà náà ni mo rántí pé mi ò tíì gbọ́ ìtàn náà rí lẹ́nu àwọn tó ṣe é. Ẹnu ọkọ ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àgbádárìgì, a kì í kọjú ẹ́ríà tẹlifíṣọ̀n wa sí Èkó. Kútọnu la ń kọjú ẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni àwòrán ti ń mọ́lẹ̀. Orí ọparun gígùn kan ni ẹ́ríà náà wà. Ẹnì kan á máa yí i níta, àwa tó wà nínú ilé á máa pariwo: "Ó kù díẹ̀! Dúró! Ó ti lọ, dá a padà!" Faransé ni wọ́n ń sọ nínú eré náà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì gbọ́ Faransé nílé wa, ọkọ ìyá mi. Ajẹ́ntì ni ní bodè Seme. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó bá àwọn oníbodè ìhà ìhín àti ìhà ọ̀hún sọ̀rọ̀ kí ẹrù àwọn oníbàárà rẹ̀ lè kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, gbogbo ilé á kó jọ sí pálọ̀ rẹ̀, òun á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, á máa túmọ̀: Yorùbá fún àwa, Ègùn fún ìyá àgbà tó ni ilé tí a ń gbé. Tí ọ̀gá ọkọ̀ bá ń bínú, òun náà á le ojú koko. Tó bá jẹ́ obìnrin ló ń sọ̀rọ̀, á tín ohùn rẹ̀, a ó sì rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n ṣe!

Ọkọ ìyá mi ni mo pè é, òun kọ́ ló bí mi. Ẹni tó bí mi ti kọjá sí ìhà ọ̀hún bodè, kò sì wẹ̀yìn wò. Ìyá mi mú mi wọ ilé ọkùnrin yìí, kò pẹ́ rárá tí àìsàn fi mú ìyá mi lọ. Àwọn ẹbí ìyá mi wá láti Ikoga, wọ́n sin òkú wọn, wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá mú mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ni wọ́n fẹ́ kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà ò burú, àmọ́ ilé rẹ̀ ti kún fọ́fọ́, ó sì sọ ọ́ lójú mi pé òun ò mọ ibi tí òun máa fi mí sí. Mi ò fẹ́ lọ. Ta wá ni mo fẹ́ sọ fún? Ọkùnrin tó kù nílé kò bá mi tan. Mi ò tilẹ̀ mọ ohun tí mo lè máa pè é; "sà" ni mò ń pè é, bíi tíṣà. Tí ọ̀kadà kan bá ti dúró níwájú ilé, àyà mi á já, màá rò pé àwọn ará Ikoga ti dé.

Ọjọ́ Sunday tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá ni wọ́n ṣe ìtàn ọmọbìnrin yẹn. Ọkọ̀ ìràwọ̀ náà balẹ̀ sí ayé kan tó gbẹ táútáú. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ ti kú tán, ó ku ọmọbìnrin kékeré kan tó ń dáná lójoojúmọ́ kí ẹni tó bá ń kọjá lè rí i. Wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n ya irun rẹ̀, wọ́n jẹ́ kó jókòó sórí àga ọ̀gá ọkọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan ní Faransé.

Ọkọ ìyá mi dákẹ́. Kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀.

"Kí ló ń wí?" ni ìyá onílé bèèrè.

Ó bojú wò mí. Ó wú ikọ́ díẹ̀, ó ní, "Ó ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀ wá. Ó ní wọ́n ń mú un lọ sílé."

Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Àmọ́ lójú tẹlifíṣọ̀n, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti pa dé, ọkọ̀ ti gbéra, ọmọ náà sì dúró gbagidi nílẹ̀, ó ń wòkè. Ariwo sọ nínú pálọ̀. "Ọmọ yẹn rèé níta!" "Àbí ojú wa fọ́ ni?"

"Ẹ fara balẹ̀ jàre," ni ọkọ ìyá mi wí. "Wọ́n lọ yí ọkọ̀ padà ni. Ṣé inú yanrìn yẹn ni ẹ fẹ́ kí irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ ti yí?"

Ẹni tó bá ti rí tírélà tó rì sínú yanrìn lójú ọ̀nà Seme kò lè bá a jiyàn. Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Nígbà tí a tún wo eré náà, tí wọ́n bi í pé ọmọ náà dà, ó ní ó ń sùn ní yàrá inú. Nígbà míì, ó ní ó lọ síléèwé. Iléèwé wo nínú ọkọ̀? Ó ní ṣé a rò pé àwọn òyìnbó kì í kọ́ ọmọ wọn ni. Títí dòní, àwọn kan wà nílé yẹn tó lè búra pé yàrá inú lọmọ náà wà.

Àwọn ará Ikoga dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ọkọ ìyá mi fún wọn lómi, ó ní, "Ẹ má bínú, ọmọ mi ò lọ síbì kankan." Ọ̀rọ̀ di gbọ́nmi-si-omi-ò-to. Wọ́n ní òun kọ́ ló bí mi, ó ní òun mọ̀. Wọ́n ní ta ló máa bá a tọ́ ọmọbìnrin, ìyá onílé sì pariwo látinú yàrá rẹ̀ pé òun ò tíì kú. Wọ́n bínú lọ. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ló rán mi níwèé, òun ló fà mí fún ọkọ mi, òun sì ni mò ń pè ní bàbá mi.

Lẹ́yìn ìjà orí fóònù yẹn, mo wá ìtàn náà rí ní Gẹ̀ẹ́sì, mo wò ó ní pálọ̀ mi ní Ibereko. Ọ̀gá ọkọ̀ sọ fún ọmọ náà pé wọn ò lè mú un dání. Ó ní oúnjẹ wọn ò tó, iṣẹ́ wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n dúró sójú kan. Ó ní ẹlòmíràn máa wá. Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn bèèrè pé ṣé kí òun ṣì máa dáná. Ọ̀gá ọkọ̀ wọ ọkọ̀, ó lọ. Ó parí síbẹ̀. Háà! Èmi àgbàlagbà, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Mo ra ẹja dání, mo lọ bá bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Bàbá, mo ti wò ó. Wọ́n fi ọmọ yẹn sílẹ̀."

Kò bi mí pé ọmọ wo. Mo ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ parọ́ fún mi, kí ẹ̀rù má bàa bà mí."

Ó mirí. "Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti gbà fún àwọn ará Ikoga kí wọ́n máa mú ọ lọ. Mo ti di ẹrù rẹ, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi lọ́jọ́ náà. Ohun tí ọ̀gá ọkọ̀ yẹn ń sọ, òun gan-an ni mo ti ń múra láti sọ fún ọ, pé owó ò tó, pé iṣẹ́ bodè kì í jẹ́ kí n gbélé. Mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Mo wojú rẹ, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ohun tí mi ò lè fẹnu sọ fún ọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é sí ọ?"

Àtọjọ́ yẹn, bí mo bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi tán, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ ìtàn tí gbogbo èèyàn ń fò kọjá yìí, pé wọ́n láyà láti fi ọmọ náà sílẹ̀. Ká ní wọ́n mú un wọ ọkọ̀ lóòótọ́ ni, bàbá mi ì bá túmọ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́, inú gbogbo wa ì bá dùn, àwọn ará Ikoga ì bá sì mú mi lọ.