Pílásítà Orí Imú Àjàmú

Àjàmú, ọmọ Obòkun, ọmọ Ìjẹ̀ṣà òṣèré onílé obì, baba àwọn ọmọ mi. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe mú bírò lọ́jọ́ ogbó.

Awakọ̀ ni, Iléṣà sí Òṣogbo, títí oorun fi gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ a máa pa dé nídìí ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan. Oníbàárà rẹ̀ kan sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká pín in: ẹ máa wakọ̀, àwa á máa bá yín sun oorun náà.” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló ta ọkọ̀.

Tó bá sùn, a máa hanrun bí ẹni ń rẹ́ pákó, a sì dákẹ́ lójijì. Ìdákẹ́ yẹn ni mo ń bẹ̀rù, torí èémí ti dúró nìyẹn. Màá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, á mí kanlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ pé aya kì í da oorun ọkọ rú. Mo ní kí wọ́n wá sùn tì í wò. Wọn ò wá.

Dókítà kan ní Iléṣà ní ọ̀nà ọ̀fun ló ń pa dé tó bá ti sùn. Ó ní ẹ̀rọ kan wà lókè òkun tí wọ́n ń dè mọ́ imú, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú kí ọ̀fun má baà dí. Mo kọ̀wé sí ọmọ wa obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Agbára rẹ̀ ò ká ẹ̀rọ. Pílásítà ló fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí imú kí ihò rẹ̀ lè fẹ̀. A ò padà lọ bi dókítà.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ hanrun mọ́. Nígbà tó jí, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, o ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọlọ́dẹ.” A dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Imú là ń tọ́jú. Ọ̀fun ló ń pa dé. Ìdákẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ látọjọ́ yìí, èmi náà ni mo wá ń gbádùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó jẹ iyán, ó lẹ pílásítà, ó sùn sórí àga gígùn. Mo ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aládùúgbò kan fẹ́ kí i láti ojú fèrèsé, mo ní kó rọra, pé ó ń sùn dáadáa. Ìgbà tí mo bó ẹ̀gúsí tán ni mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti tutù.

Èmi ni mo ṣí pílásítà náà kúrò. Ojú ibẹ̀ mọ́ ju ara imú tó kù lọ.

A sin ín ní Iléṣà lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀.