Ẹ Má Gbọ́kọ̀ sí Ìdí Lápálàpá

Gbogbo àwọn tó gbé ilé wa rí ni mo rántí: orúkọ wọn, orúkọ àwọn ọmọ wọn, àti irú ọkọ̀ tí oníkálukú ń gbé bọ̀ nírọ̀lẹ́. Mi ò ní kọ orúkọ kankan síbí. Àwọn kan nínú wọn ti kú, àwọn kan ṣì ń kí mi lójà, kò sì sí ẹni tó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣẹ̀ mí. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí ni pé mo le lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ládùúgbò wa ní Ẹ̀jìgbò nígbà náà, bí ẹnìkan bá ń wá yàrá, wọ́n á ní yàrá wà nílé ìyá Àbíjàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ní ọkọ̀, kí ó rò ó dáadáa.

Àbíjàn ni èmi àti ọkọ mi wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, èmi ń ta aṣọ. A ń kọ́lé sílé díẹ̀díẹ̀, bí gbogbo ará Ẹ̀jìgbò tó wà lọ́hùn-ún ṣe ń ṣe. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni a fi àkọ́bí wa ránṣẹ́ sílé. Obìnrin ni, ọmọ ọdún méje. Èdè Faransé ti fẹ́ gba ẹnu rẹ̀ tán. Bí bàbá rẹ̀ bá pè é, "wí" ló fi ń jẹ́ ẹ. Bàbá rẹ̀ ní kí ó lọ bá ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó ń gbé inú ilé náà gbé, kí ó kọ́ kéú, kí ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Èmi ni mo di ẹrù rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí ibà fi pa á.

Bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe, ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín. Ìròyìn ò tíì kúrò ní Ẹ̀jìgbò tí ilẹ̀ fi bò ó. Ọjọ́ kọkànlá ni èmi àti ọkọ mi wọlé. Ní tiwa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ọmọ ló yẹ kó sin òbí. Bó bá wá di pé òbí ló kẹ́yìn ọmọ, wọn kì í jẹ́ kó débẹ̀, wọn kì í sì í fi ibẹ̀ hàn án títí ayé. Wọ́n ní òbí tó bá mọ̀ ọ́n, ilẹ̀ á tún la ẹnu sí ọmọ mìíràn. Mo ní ọmọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀, oyún sì wà nínú mi. Nítorí náà mi ò béèrè. Ẹnu àwọn obìnrin tó wá kí mi ni mo ti gbọ́ pé iwájú ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, nítorí pé wọ́n ń gbẹ́ ṣáláńgá lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé. Àwọn àlùfáà wa kì í sì í fẹ́ kí wọ́n mọ nǹkan sórí sàréè. Wọ́n ti tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, wọ́n ti gbá a.

Ọkọ mi padà sí Àbíjàn lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Èmi ò padà mọ́. Mo ní n ó máa ṣọ́ ilé. Iṣẹ́ mi láràárọ̀ ni kí n mú ìgbálẹ̀ kí n máa rìn káàkiri iwájú ilé, kí n máa gbá ibi tí mo ti gbá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń wò mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó dìde, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi ìdí rẹ̀ tọ́ka sí igi lápálàpá kékeré kan tí kò ga ju orúnkún lọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé. Mo ti rò pé ẹni tó fẹ́ ṣọgbà ló gún un mọ́lẹ̀.

"Ìyàwó, má rìn káàkiri mọ́," ó wí. "Ìdí igi yìí ni. Èmi ni mo gún un sí ìgbèrí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gbẹ́ ibẹ̀. Èmi kọ́ ni mo sọ fún ọ o. Bí o bá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún ẹnìkan, ọkọ rẹ pàápàá, kí o rántí èyí tó wà nínú rẹ."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ igi náà.

Yàrá mẹ́jọ ni ilé wa ní, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin. Ayálégbé àkọ́kọ́ tó ní ọkọ̀ ni dírẹ́bà kan tó fi Pijó rẹ̀ ń kó èrò gba Ifẹ̀-Ọ̀dàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò fẹ́ kí imú ọkọ̀ òun kọjú sílé. Ó ní ọkọ̀ tó bá kọjú sí ilé sùn, wàhálà ni yóò bá jí. Nítorí náà, rífáàsì ló máa fi ń wọlé nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà á sì máa bọ̀, á máa bọ̀, títí táyà á fi ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ìdí lápálàpá. N ó wà nínú yàrá, n ó gbọ́ ìró rẹ̀. N ó sáré jáde.

"Dírẹ́bà, ẹ má gbọ́kọ̀ sí ìdí lápálàpá."

Ó béèrè lọ́wọ́ mi nígbà kan pé ṣé góòlù ni igi náà ń so ni. Mo ní oògùn ọmọdé ni. Ó ní ó dáa, òun á máa gbé ọkọ̀ òun sórí òrùlé. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e síwájú. Nínú gbogbo wọn, òun ló gbọ́ràn jù.

Nígbà tí oyún mi pé oṣù mẹ́jọ, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní ìlú Àrá láti lọ bímọ. Oṣù mẹ́ta ni mo lò. Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi kú. Mi ò lè wá, ọmọ ò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni katakata wá la ojú títì, ó gé iwájú ilé wa, ó ha ilẹ̀ rẹ̀. Ọkọ mi náà ti ní kí wọ́n fa pepele jáde, kí wọ́n sì ṣe àtẹ̀gùn tuntun. Nígbà tí mo fi máa padà dé, iwájú ilé ti dà bí ti ẹlòmíràn. Igi ọsàn tó wà lápá òsì ti lọ. Mi ò mọ ibi tí mo máa ń dúró sí mọ́. Lápálàpá nìkan ni mo dá mọ̀, nítòsí ògiri, ewé rẹ̀ sì ti rọ, ó ti gbẹ lórí. Mo ní eruku katakata ló fà á. Mo dúpẹ́ pé kò tẹ̀ ẹ́ pa. Mo ń da omi àlùwàlá tó bá ṣẹ́kù sí i ní ìdí, kò sì pẹ́ tó tún fi hu.

Mo wá pinnu pé n ò ní máa sáré jáde mọ́. Mo kó òkúta yí igi náà ká, mo fi ẹfun kùn wọ́n. Mo pe àwọn ayálégbé jọ, mo fi ibi tí wọn yóò máa gbọ́kọ̀ sí hàn wọ́n, ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí igi náà, láàrin gbangba ibẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti le. Mo ní ibẹ̀ ni kí gbogbo ọkọ̀ máa wà.

Báyìí ni mo ṣe ń bá wọn fà á fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tíṣà kan wà tó ní ọkọ̀ ìjàpá, tó ń fi táyà gun òkúta mi bí ẹni gun àtẹ̀gùn. Mo gbé àgbá sí i lọ́nà, ó yí àgbá kúrò. Mo kó ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún síbẹ̀, ó bá mi kó o fún ewúrẹ́ jẹ. Nígbà tí mo fún un ní ìwé pé kó kó jáde, ó ní òun ò tíì gbọ́ ọ rí pé wọ́n lé ènìyàn nílé nítorí igi tí kò ṣe é jẹ. Kò purọ́. Lójú gbogbo wọn, orí mi ò pé. Àwọn kan ní mo ri owó Àbíjàn mọ́bẹ̀. Àwọn kan ní àyè ọkọ̀ tí ọkọ mi ń bọ̀ wá gbé wálé ni mo ń fi sílẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Èyíkéyìí nínú wọn sàn ju kí ẹnu mi sọ òótọ́ lọ.

Àwọn ìyá mìíràn tí ọmọ wọn kú a máa sọ pé àwọn ń rí i lójú àlá. Èmi ò rí i rí. Láràárọ̀ ni mo ń dúró nídìí igi náà, n ó ṣe bí ẹni ń fa koríko, n ó kí i nínú mi. Kò dáhùn. Mo rò pé ó ń bínú pé èmi ni mo di ẹrù rẹ̀. Ohun kan sì wà tó máa ń ṣe mí tí mi ò lóye. Bí òjò bá rọ̀, tí ọkọ̀ kan sì kúrò níbi tí mo ní kí wọ́n máa gbé e sí, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbẹ táútáú láàrin ẹrẹ̀, gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, bí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ẹní kúrò. N ó wọlé, n ó ti ilẹ̀kùn.

Mẹkáníìkì ló wá kẹ́yìn. Yàrá méjì ló gbà, ọkọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ sì kún iwájú ilé. Epo ẹ́ńjìnnì dúdú ló ń dà sílẹ̀ bí ẹni da omi ìfọṣọ. Ní ọjọ́ kan ó ti imú ọkọ̀ kan wọ inú òkúta mi. Mo mú ìṣó, mo yọ afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó rí i, kò bínú. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó wo igi, ó wò mí.

"Ìyá Àbíjàn, ṣé ọkọ̀ òfuurufú ni bàbá fẹ́ fi sọ̀ síbẹ̀ ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo sì fi ìbínú sọ pé kí ó gbé òkú ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ yìí síbi tí mo ti fi hàn wọ́n. Ó pe oníbàárà rẹ̀ méjì, wọ́n ń tì í. Èmi ni mo dúró lórí pepele tí mo ń fọwọ́ júwe, tí mo ń ní kí wọ́n tún tì í síwájú díẹ̀, díẹ̀ sí i, títí tó fi dúró gẹ́lẹ́ síbi tí mo fẹ́. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé e ró. Òjò ọdún mẹ́ta ló rọ̀ lé e lórí níbẹ̀.

Ọkọ mi wálé níkẹyìn, àìsàn ló gbé e wá. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fẹ́ parí ló kú, wọ́n sì sin ín sí agbo ilé wọn. Kò béèrè ibi tí ọmọ wà lọ́wọ́ mi rí, èmi náà ò sọ fún un. Dírẹ́bà àtijọ́ wà lára àwọn tó wá kí mi. Ó ti kọ́ ilé tirẹ̀ sí ìlú Ọlá, irun rẹ̀ ti funfun. Ó jókòó sórí pepele, ó mu omi, ó ṣàdúrà fún òkú. Lẹ́yìn náà ló rí lápálàpá. Ó ti ga kọjá ojú fèrèsé.

"Ìyá, igi yìí ti di àgbà," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ò sì mọ̀ pé èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ katakata. Ìgbà tí ẹ wà ní Àrá ni. Mo mọ bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mo ní kí n fà á tu kó má baà tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó lọ tán ni mo tún gbìn ín. Mo kàn sún un mọ́ ògiri díẹ̀ ni, kó má baà dí mi lọ́wọ́ tí mo bá ń ṣe rífáàsì."

Mo bi í pé níbo ló ti fà á tu. Ohùn mi ò yí padà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò wo ojú mi. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wo igun ilé, ó wo ojú títì, ó ka ìṣísẹ̀ mẹ́rin láti ìdí igi náà, ó sì gbé ọwọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì òkú ọkọ̀ yẹn.

"Ibí ni. Abẹ́ ibí yìí gan-an."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo tún lè ṣe? Oore ló ṣe. Mo fún un ní obì, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ kejì mo ní kí mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ náà kúrò. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé.

"Ìyá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ dúró níbí tí ẹ ń fọwọ́ júwe fún wa."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló wá dé. Mo la ẹnu. Mo rántí àwọn ọmọ mi méjì tó kù, ọ̀kan ní Àbíjàn, èkejì tó ṣì ń lọ sílé ìwé. Mo ní mo fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀fọ́ wo ló máa hù nínú epo ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ó bọ̀wọ̀ fún opó, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó ti wọ́ ọ lọ.

Mo kó búlọ́ọ̀kù dí gbogbo ẹnu ọ̀nà, tí ọkọ̀ kankan ò lè wọlé mọ́. Mẹkáníìkì kó lọ láìjà. Títí di òní, ẹni tó bá ní ọkọ̀ kì í gba yàrá lọ́dọ̀ mi.

Ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ náà dúdú, ó le bí ọ̀dà. Mo mú ọkọ́ láàárọ̀, mo ní kí n ha epo náà kúrò. Mo ha á ní ìwọ̀n ìka kan, ó dúdú. Mo ha á ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ó ṣì dúdú. Mo dáwọ́ dúró, ọkọ́ wà lókè. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe gbẹ́lẹ̀ jìn tó fún ọmọ ọdún méje. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kú. Mo fi ọwọ́ da yẹ̀pẹ̀ náà padà, mo tẹ́ ẹ.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, mo jókòó sórí pepele láti wò ó. Mo ti ń retí ọjọ́ tí òjò yóò kàn án. Ó rọ̀ dáadáa. Gbogbo ilẹ̀ yòókù mu omi. Ibẹ̀ nìkan ni kò mu ún. Omi náà dúró lórí epo, gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán.