Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tí A Gbé Lọ Èkó

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé inú ń tètè bí mi, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí oníṣọ́ọ̀bù kan ní Èkó fi ojú wa rí lọ́jọ́ tí a lọ ra ẹ̀rọ ìdán-ọkọ̀. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbàjọba nígbà náà ni. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba kò jáde, mo gba ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Sàlíù lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Pẹ́ńtà ni wọ́n, wọ́n ń kun ọkọ̀, wọ́n sì ń dán an. Èmi ni mò ń po ọ̀dà. Nítorí pé n kì í dákẹ́ bí nǹkan kò bá tọ́, Ọ̀gá sọ mí ní Ìyá Ẹjọ́. "Ìyá Ẹjọ́ ti dé o, kí kálukú tún ìwà ṣe!" Bí wọ́n ṣe máa ń kí mi láàárọ̀ nìyẹn. Ó máa ń dùn mí nígbà náà. Lónìí, n kò mọ ohun tí n kò ní fi sílẹ̀ kí n lè tún gbọ́ ọ.

Ọ̀gá ní òṣùwọ̀n tiwọn. Pé ọkọ̀ ń kọ mànà lókèèrè kò tó wọn. Wọ́n á ní, "Bí obìnrin bá lè fi ara ilẹ̀kùn rẹ̀ wé gèlè, iṣẹ́ ti parí. Bí kò bá lè wé e, ẹ má tíì ké sí olówó ọkọ̀."

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Alhaja Síkírá ló gbé wa dé Èkó. Ọkọ̀ dúdú ni. Ọkọ wọn tó ti dolóògbé ló yan ọ̀dà náà, Ọ̀gá ló sì kùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wa àtijọ́, èyí tó ń yí lójú kan ṣoṣo, ti fi àmì roboto-roboto sí i lára, bí ojú odò tí a sọ òkúta sí. Lábẹ́ ibòji, ẹ kò ní rí i. Bí oòrùn bá kàn án, ojú á gbà yín tì. Ọ̀dà náà sì ti fẹ́lẹ́. Bí a bá tún gbé ẹ̀rọ yẹn lé e, irin ni yóò yọjú.

Àkọ́bí Alhaja fẹ́ gbé ọkọ̀ náà lọ Èkó kí wọ́n ha ọ̀dà rẹ̀ dànù, kí wọ́n kùn ún ní pupa. Alhaja fárígá.

"Dúdú ni bàbá yín fi sílẹ̀, dúdú ni yóò gbé mi lọ Ojúde Ọba." Wọ́n wá kọjú sí Ọ̀gá. "Sàlíù, ṣé o lè ṣe é àbí o ò lè ṣe é? Bí Iléyá bá dé tí kò dán, wọ́n á gbé e lọ Èkó. N ò lè máa bá ọmọ mi jà títí."

Mo ti kà nípa irú ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní oníyìí-méjì. Ó ń yí lórí ara rẹ̀, àárín rẹ̀ náà tún ń rìn kiri, bí ìgbà tí obìnrin bá ń fi asẹ́ jọ èlùbọ́. Torí pé kì í dúró lójú kan, kì í tètè jó ọ̀dà, kì í sì í fi àmì roboto sílẹ̀. Mo ní a ó rà á, ṣùgbọ́n a kò ní rà á láìfojú rí iṣẹ́ rẹ̀. Mo wá bọ́nẹ́ẹ̀tì àlòkù kan, mo kùn ún ní dúdú, mo ní òun la ó gbé dání.

Ọ̀gá di orí mú. "Yẹ́misí, ojú ò ní tì wá báyìí?"

Ojú tì wá. A kò tíì kọjá Ọ̀dọ̀gbolú tí ọkùnrin kan fi yíjú padà nínú bọ́ọ̀sì: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn ni?" Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Kọ́ndọ́kítọ̀ ní bọ́nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ sanwó ìjókòó. Mo ní kó fi ìjókòó rẹ̀ hàn mí, nítorí itan mi ló ti ń gun bọ̀ láti gáréèjì.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ohun àkọ́kọ́ tí oníṣọ́ọ̀bù sọ ni pé kò síná.

"Fáànù tó ń yí lókè orí yín yẹn ńkọ́?" ni mo bi í. "Ṣé àdúrà ni wọ́n fi ń yí i?"

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ìwọ, kí lo mọ̀ nípa ẹ̀rọ?" Ó pè mí ní ìwọ lójú ọ̀gá mi! Ó gbé ẹ̀rọ ńlá kan jáde, ó ní, "Èyí làwọn ọkùnrin ń rà." Ojú kan ṣoṣo lèyí náà ń yí. Ó gbé e lé etí bọ́nẹ́ẹ̀tì wa, òórùn ọ̀dà jíjó gba ṣọ́ọ̀bù, irin funfun yọ.

"Ọwọ́ yín ló wúwo," ló wí.

"Ọwọ́ ta? Ta ló di ẹ̀rọ mú?"

Ọ̀gá rọra fà mí láṣọ. "Ìyá Ẹjọ́, jọ̀ọ́."

Oníyìí-méjì kan wà lórí káńtà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ àwo tí fóòmù rẹ̀ lẹ̀ mọ́, kí n lè mọ̀ bóyá yóò ṣì máa yí bí a bá tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìlà náà ń yí lọ. Nígbà tí mo nu ojú ibẹ̀, fáànù tó wà lókè hàn nínú rẹ̀ kedere. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo fáànù nílẹ̀.

A sanwó tán ni ọkùnrin yìí wọ ẹ̀yìn lọ, tó gbé páálí tí wọ́n lẹ̀ pa jáde. "Tuntun nìyí, ẹ máa lọ."

Inú Ọ̀gá dùn. Mo ní kí wọ́n ṣí i.

"Yẹ́misí! Tuntun ni wọ́n fún wa, ṣé àlòkù lo wá fẹ́ ni?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i."

Oníṣọ́ọ̀bù fi ìbínú ya páálí. Lófuurufú, láìtíì kan nǹkan, ẹ̀rọ náà ń yí wìrì. Mo fa ìlà ṣọ́ọ̀kì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: ìlà dúró gbagidi, ẹ̀rọ kàn ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

"Bákan náà ni wọ́n," ni oníṣọ́ọ̀bù wí.

"Tó bá jẹ́ bákan náà, ẹ fún wa ní tórí káńtà."

Ọwọ́ Ọ̀gá ló kọ́kọ́ yá: wọ́n gbé ẹ̀rọ orí káńtà, wọ́n fi sábẹ́ abíyá, wọ́n sì gbọ̀nà ìta.

Iléyá ku fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí Alhaja àti ọmọ wọn dé. Ọkọ̀ wà nínú oòrùn, Ọ̀gá ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbẹ̀. Alhaja yí i ká. Wọ́n dúró níwájú ilẹ̀kùn, wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wé e padà, wọ́n ń tò ó ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, ojú wọn kò kúrò lára dúdú náà. Nígbà tí wọ́n wé e tán, wọ́n tún etí rẹ̀ ṣe.

"Pupa lo wí?" ni wọ́n bi ọmọ wọn.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí ilẹ̀kùn fún ìyá rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ kankan kò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa kí Ọ̀gá má pè mí sínú oòrùn: "Ìyá Ẹjọ́, ẹ̀sùn wo ló kù?" Màá sì yí i ká, màá wá a.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù tèmi lọ́nà Ìjàgun báyìí, pẹ̀lú ojú ibi tó jó. Oníṣọ́ọ̀bù yẹn ṣì jẹ mí ní "ẹ má bínú" kan, mo ṣì ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dán ọkọ̀ tán tí mo gbé e sínú oòrùn, tí ẹnikẹ́ni kò pè mí, èmi náà á dá ara mi lóhùn. Ẹ̀sùn kan ló kù, Ọ̀gá. Ẹ tètè fi wá sílẹ̀ lọ jù.