Yanrìn Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀bù

Nínú gbogbo oyè tí ọmọ aráyé ń jẹ, mi ò rí èyí tó níyì tó kí ayálégbé jẹ́ èèyàn lánlọ́ọ̀dù. Kò ní ìwúyè, kò ní ìlẹ̀kẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa rìn bí ẹni pé òun ló kọ́ ilé náà. Nínú òórùn símẹ́ǹtì tútù, ní àdúgbò Lásunwọ̀n, ni mo ti rí agbára oyè yìí.

Bàbá onílé wa fẹ́ tún ilé ṣe. Kò burú, ògiri ti là. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni; a kàn jí bá òkìtì yanrìn lẹ́nu ọ̀nà àwọn ṣọ́ọ̀bù tá a háyà ni. Eruku wọ ẹ̀rọ fọtokọ́pì mi, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ti obìnrin onídìrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìkángun ló le jù. Láti Ìkìrun ló ti wá, iṣẹ́ yìí nìkan ló sì fi ń tọ́ ọmọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ á dúró lókèèrè, wọ́n á wo eruku, wọ́n á yí padà.

Àwa ayálégbé, oníkẹ́míìsì, télọ̀, onídìrí àtèmi, ṣèpàdé. Èmi tí mo lọ yunifásítì ni mo sọ̀rọ̀ jù. Mo ní onílé lè tún ilé rẹ̀ ṣe, àmọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dí ẹnu ọ̀nà ẹni tó ti sanwó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. A fẹnu kò pé lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wa la ó jọ lọ bá a nílé rẹ̀ ní Àgbówà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá lọ.

Onídìrí wò mí. "Bùrọ̀dá, ẹ má já wa sílẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ òyìnbó."

Ṣùgbọ́n ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ àgbà ò tíì yanjú àfi téèyàn bá lọ dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀ ní kùtùkùtù. Kí Sátidé tó pé, yanrìn ti ń rìn. Ó kúrò níwájú oníkẹ́míìsì, ó kúrò níwájú télọ̀, ó kúrò níwájú mi. Gbogbo rẹ̀ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onídìrí.

Lọ́jọ́ Sátidé, orí ń fọ́ télọ̀, oníkẹ́míìsì ní ìsìnkú. Obìnrin náà dá lọ. Nígbà tó dé, ó sọ fún wa ohun tí bàbá wí, kò gbé ohùn sókè: "Gbogbo àwọn yòókù ló ti wá dúpẹ́. Ṣé ìwọ nìkan ni ilé mi ń ni lára ni?"

Kí ọ̀dà ilé tó gbẹ, ó ti kó ẹrù rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àwọn onílé ń tẹ ẹ̀tọ́ ayálégbé mọ́lẹ̀, ara mi kì í lélẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ bàbá tiwa ò ja ẹ̀tọ́ wa gbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la gbé e lọ fún un nílé. Èmi náà lọ.